Iṣẹ́ abẹ gba ohùn orin Julie Andrews, kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀

Olùkà wa kan béèrè pé: "Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo wa la mọ Julie Andrews nínú fíìmù The Sound of Music. Ẹnìkan sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun ló gba ohùn rẹ̀, àti pé orin àkọjù láti kékeré ló fà á. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ló ṣe ń rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà? Mo ní ọmọbìnrin ọdún 12 kan tí ohùn rẹ̀ ga gan-an, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́."

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o. Ìdajì ohun tí wọ́n sọ fún yín jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní 1997 ni ohùn orin Julie Andrews lọ, kò sì padà mọ́. Ìdajì kejì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ orin tó kọ́ láti kékeré kọ́ ló ba ohùn náà jẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ló jẹ́ kó lè fi ohùn náà ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún, òun kan náà ló sì ń jẹ títí di ìsinsìnyí. Mo máa tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe fún ọmọ yẹn wà.

Wọ́n bí Andrews ní Walton-on-Thames, ní Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1935. Julia Elizabeth Wells ni wọ́n sọ ọ́. Ted Wells tó tọ́ ọ jẹ́ olùkọ́. Barbara ìyá rẹ̀ ń tẹ dùùrù. (Pé Ted Wells kọ́ ló bí i, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Home, tó jáde ní 2008.) Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ Ted Andrews, ọmọ Kánádà kan tó ń kọrin lórí ìtàgé, ibẹ̀ ni orúkọ Andrews ti wá. Ọkọ ìyá yìí ló kọ́kọ́ fi orin kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohùn ọmọ náà lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀nà ọ̀fun, dókítà sì rí i pé gògóńgò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti àgbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Wọ́n yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ohùn wọn ga kò ní irú gògóńgò bẹ́ẹ̀, ọmọ tiyín náà lè má ní in.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á lé Lilian Stiles-Allen lọ́wọ́, obìnrin tó ti kọ orin soprano (ohùn obìnrin tó ga jù lọ) lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olùkọ́. Andrews a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a ní Leeds láti gba ẹ̀kọ́. Ohun méjì ló gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí tí kò fi sílẹ̀ títí dòní. Èkíní ni pé ẹni tó ń fi orin ṣeré a máa dáwọ́ dúró nígbà tó bá ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí orin jẹ́ iṣẹ́ fún a máa tún un kọ títí tí kò fi ní lè ṣì í kọ mọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀: kí fáwẹ̀lì mọ́, kí kọ́ńsónáǹtì sì dúró gbọin, torí bí ohùn bá fẹ́ yẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ló máa dì í mú. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń ròyìn bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó, wọ́n sì ń fo ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé, gíga ohùn kàn jẹ́ ẹ̀bùn tó bá a wáyé ni.

Ẹ̀bùn náà pọ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1947, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 12, ó jáde ní London Hippodrome nínú eré tí wọ́n pè ní Starlight Roof, ó sì kọ "Je suis Titania" láti inú Mignon ti Ambroise Thomas, ó gun ohùn dé F tó wà lókè C gíga. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1948, ó kọrin níwájú Ọba George Kẹfà ní London Palladium. Láti 1950 ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò BBC nínú Educating Archie. Láàárín gbogbo èyí, ó ń káàkiri àwọn gbọ̀ngàn eré tí èéfín sìgá kún, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe eré lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ kan. Iṣẹ́ àgbà ni wọ́n gbé fún ọmọdé yẹn, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ Stiles-Allen ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà ba ohùn rẹ̀ jẹ́.

Ó dé New York ní 1954 fún The Boy Friend, eré náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀la rẹ̀ ló pé ọmọ ọdún 19. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó yí ayé rẹ̀ padà. Ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé fún, ó kọ̀, ó ní ọdún kan ni òun lè ṣe torí àárò ilé. Tó bá jẹ́ pé ó gba ọdún méjì ni, kò ní ráàyè nígbà tí Alan Jay Lerner àti Frederick Loewe ń wá ẹni tí yóò ṣe Eliza Doolittle, ọmọbìnrin tálákà tó ń ta òdòdó tí wọ́n wá kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọlọ́lá, nínú eré olórin wọn, My Fair Lady.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí My Fair Lady, torí ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbà lára ohùn. Nígbà tí ìgbáradì bẹ̀rẹ̀ ní 1956, apá eré rẹ̀ kò dára rárá. Ó mọ orin, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹlòmíràn lórí ìtàgé. Rex Harrison, tí wọ́n jọ ń ṣe é, kò fi bò pé òun ò fẹ́ ẹ. Olùdarí, Moss Hart, dá gbogbo àwọn yòókù dúró fún wákàtí 48, ó tì í mọ́ gbọ̀ngàn, òun pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì jọ tẹ̀ lé ipa Eliza láti ìlà kan dé èkejì títí ó fi rí ẹni tí Eliza jẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó mọ̀ nípa bí ohùn ṣe ń jáde ló kọ́ ọ ní èdè àwọn ará ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Eré náà ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1956 ní Mark Hellinger Theatre.

Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe é lọ́sẹ̀: alẹ́ mẹ́fà, ọ̀sán méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Eliza ń pariwo, ó ń kígbe, ó sì ń fi ìbínú kọ "Just You Wait" láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Kò pẹ́ sí i, akọrin yìí kan náà gbọ́dọ̀ kọ "I Could Have Danced All Night", tí ohùn rẹ̀ ń gòkè tó sì gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Ìgbe ń mú kí tán-án-ná méjèèjì, ìyẹn ẹran inú ọ̀fun tó ń mì tí ohùn fi ń jáde, gbá ara wọn gidigidi, wọ́n á sì wú díẹ̀. Tán-án-ná tó bá wú kì í tètè gun òkè. Akọrin tí kò bá mọ̀ á wá fi agbára tì í, ìyẹn ló ń dá egbò sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pa ìgbe dà: kí àwọn tó ń wòran gbọ́ ìbínú láti inú kọ́ńsónáǹtì tó mú, kí ọ̀fun fúnra rẹ̀ má pariwo tó bí wọ́n ṣe rò. Ó ṣe é ní New York, ó tún lọ ṣe é ní Theatre Royal, Drury Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1958. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní ọdún mẹ́ta. Láàárín rẹ̀ ló tún ṣe Cinderella ti Rodgers àti Hammerstein lórí tẹlifíṣọ̀n, láìgbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1957. Àwọn tó wò ó lé ní mílíọ̀nù 100. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1960 ló bọ́ sínú Camelot pẹ̀lú Richard Burton.

Ìtàn fíìmù ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Jack Warner, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù My Fair Lady, kò fi í sínú rẹ̀ torí kò tíì lórúkọ nínú sinimá. Audrey Hepburn ló mú, Marni Nixon ló sì kọ ọ̀pọ̀ jù lọ orin náà fún un lábẹ́lẹ̀. Walt Disney ti rí Andrews nínú Camelot ní tirẹ̀. Ó pè é fún Mary Poppins, àti nígbà tó sọ pé òun lóyún, Disney ní àwọn á dúró dè é. Fíìmù náà jáde ní 1964, ó sì gba Oscar òṣèrébìnrin tó dára jù lọ fún un. The Sound of Music tẹ̀ lé e ní 1965, Robert Wise ló darí rẹ̀, fíìmù náà sì gba Oscar márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ pé kì í ṣe orí òkè ni ó ti kọ orin tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba orin, tí wọ́n wá ń fi í lélẹ̀ lórí òkè kí ó lè máa fi ẹnu tẹ̀ lé e. Hẹlikópítà tó gbé kámẹ́rà ń fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀ débi pé ó ń gbé e ṣubú nígbàkúùgbà tó bá kọjá. Kò sí ẹni tó lè kọrin nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ń wò ó tó sì rò pé bí wọ́n ṣe ń kọrin ní gbangba nìyẹn á fi ọ̀fun rẹ̀ ṣòfò.

Nígbà tó fi di òpin àwọn ọdún 1960, àwọn ènìyàn kò fẹ́ fíìmù olórin olówó ńlá mọ́. Star! (1968) kò pa owó rẹ̀ padà, Darling Lili (1970) náà kò pa á. Ní 1969 ó fẹ́ olùdarí fíìmù, Blake Edwards, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún; èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ni Victor/Victoria (1982), tó mú kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọ́n sọ Victor/Victoria di eré orí ìtàgé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, ní Marquis Theatre, New York. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Eré náà ní kó máa kọ orin jáàsì nísàlẹ̀ ohùn bí ọkùnrin, kó sì tún máa gòkè, ìgbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996, òun nìkan ni wọ́n dárúkọ fún àmì-ẹ̀yẹ Tony nínú gbogbo àwọn tó ṣe eré náà. Ó dúró lórí ìtàgé níwájú àwọn òǹwòran, ó ní òun kò gbà á, pé òun á dúró pẹ̀lú àwọn tí wọn kò kà sí. Lẹ́yìn náà ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ń pa eré jẹ, ó sì kúrò pátápátá ní oṣù Kẹfà ọdún 1997. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní New York. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé kókó ni wọ́n yọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé kì í ṣe kókó, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ìlà kan ni lára ẹran tán-án-ná tí wàhálà iṣẹ́ fà. Nígbà tó jí, ohùn orin ti lọ. Ó pe àwọn dókítà náà lẹ́jọ́ ní 1999, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní 2000.

Báwo ni iṣẹ́ abẹ kékeré ṣe lè pa irú ohùn bẹ́ẹ̀? Inú gògóńgò ni tán-án-ná méjèèjì wà, gígùn wọn lára obìnrin kò ju nǹkan bíi mílímítà 10 sí 15. Ẹran ló wà nísàlẹ̀ wọn. Lórí ẹran yìí ni ìpele kan wà tó tín-ín-rín tó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, awọ fẹ́lẹ́ kan ló sì bò ó. Bí èémí bá ti ẹ̀dọ̀fóró gòkè wá, awọ àti ìpele rírọ̀ yìí á máa mì lórí ẹran ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá kọ A tí wọ́n fi ń yí ohùn fayolíìnì sí, ìgbà 440 ni wọ́n ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. F tí ọmọ ọdún 12 yẹn kọ ní Hippodrome sún mọ́ ìgbà 1,400. Ibi tí ọ̀bẹ bá wọ̀ nínú ìpele rírọ̀ yẹn, bó bá jinná, àpá á le níbẹ̀, á sì lẹ awọ òkè mọ́ ẹran ìsàlẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣì lè jáde, torí mímì wọn kò pọ̀. Ohùn òkè kò ní ibi tó máa gbà mọ́: tán-án-ná kò ní pàdé délẹ̀, èémí á máa yọ láàárín wọn, ohun tó máa jáde á há tàbí kó ṣẹ́. Dókítà Steven Zeitels ní Boston ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn fún un láti dín àpá kù, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ sì gbádùn sí i. Kò sí ẹni tó rí ìpele rírọ̀ náà dá padà. Ohun tó wà fún un láti kọ báyìí ni àwọn ohùn ìsàlẹ̀ díẹ̀.

Ibí ni ẹ̀kọ́ Stiles-Allen ti padà san èrè. Ohùn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣì wà, fáwẹ̀lì rẹ̀ ṣì mọ́, kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ kò sì yí padà rárá. Ní 2001 ó ṣe ayaba nínú The Princess Diaries. Nínú apá kejì rẹ̀, ní 2004, ó tilẹ̀ kọrin: wọ́n ṣe orin náà sí àárín ohùn tó ṣẹ́ kù, ó sì da sísọ pọ̀ mọ́ kíkọ. Ó fi ohùn ṣe ayaba nínú Shrek 2, ó fi ṣe ìyá Gru nínú Despicable Me, láti 2020 ló sì ti ń jẹ́ ohùn Lady Whistledown nínú eré tẹlifíṣọ̀n Bridgerton, níbi tí a kì í ti í rí ojú rẹ̀ rárá. Òun àti ọmọ rẹ̀, Emma Walton Hamilton, ń kọ ìwé ọmọdé. Ní 2016 ó darí My Fair Lady ní Sydney Opera House, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tó ti ṣe Eliza. Àtọdún 2000 ni wọ́n ti fi oyè Dame dá a lọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó wá ku ọmọ yín. Kó tó kọ orin tuntun kankan, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ orin náà sókè bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá jẹ́ orin Yorùbá, ẹ tẹ́tí sí àmì ohùn. Ibi tí orin bá ti lòdì sí àmì ohùn ni àwọn ọmọ ti ń mú ọ̀rọ̀ jẹ tí wọ́n sì ń fún ọ̀fun pọ̀. Ẹ fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi ohùn àárín gbóná kí ẹ tó gòkè. Ẹ má jẹ́ kó kọrin ju bíi ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ láìsinmi, kí ohùn tó ga jù lọ má sì wáyé ju ìgbà bíi mélòó kan lọ ní ìpàdé kan. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ́ ọ lórin, ẹ wá gbé e sókè lẹ́yìn tó bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ dín ìlù àti spíkà kù. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ara rẹ̀ á kígbe, ìgbe yìí àti ariwo pápá ìṣeré ló sì ń fún àwọn ọmọdé ní kókó lára tán-án-ná, ju orin lọ. Kó máa mu omi jálẹ̀ ọjọ́, kó má máa fipá ha ọ̀fun bí ẹni fẹ́ tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá há, kó dákẹ́; sísọ wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe ìsinmi fún ọ̀fun, ó tún lè ni ín lára.

Bí ohùn rẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ mú un lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ín-rín àti iná tó ń ṣẹ́jú ṣe, torí iná yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n rí bí tán-án-ná ṣe ń mì. Kókó ọmọdé, ìsinmi àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ohùn ló sábà máa ń yọ ọ́. Ẹ má gbà fún ọ̀bẹ láìtíì gbìyànjú ìyẹn fún oṣù mélòó kan, ẹ sì wá èrò dókítà kejì.

Fún àpẹẹrẹ tí ẹ máa gbé fún ẹgbẹ́ akọrin, ẹ má fi The Sound of Music bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àwo My Fair Lady tí àwọn òṣèré New York gbà sílẹ̀ ní 1956. Ẹ fi "Wouldn't It Be Loverly" sí i, kí àwọn ọmọ máa kọ gbogbo kọ́ńsónáǹtì tí wọ́n bá gbọ́ ní ìparí ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un gbọ́ nígbà kejì, kí wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n á rí ọ̀kan tó fò.